Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣí ṣọ́ọ̀bù àwòrán ánímé n'Íjẹ̀bú, látorí gbígba àṣẹ títí dórí gbígbé e kọ́ ògiri

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, màmá kan wọlé wá lọ́jọ́ Ojúde Ọba, aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn, oòrùn ni wọ́n ń sá fún o, wọn ò bá tọjà wá rárá. Mo gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó. Iwájú àwòrán ilé pákó kan báyìí ni wọ́n lọ dúró sí, ilé tí igi ńlá kan ṣíji bò, tí koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ mi, àwọn ará ilé yìí dà? Ṣé oko ni wọ́n lọ ni?" Mo ní, "Màmá, ilẹ̀ Japan nìyẹn, fíìmù ni wọ́n yà á fún, àwọn tó ń gbébẹ̀ ò tíì dé ni." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Wọn ò ti fèrèsé."

Ọmọ wọn tí wọ́n jọ ti Èkó wálé ló sanwó ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ nǹkan tí mò ń tà. Ibi tí kò séèyàn ni mò ń tà, kí ẹni tó ń wò ó lè fi ara ẹ̀ síbẹ̀. Torí náà tẹ́nikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ kó pósítà akọni tó mú idà dání kún un, ẹ dá a lóhùn pé ọjà míì nìyẹn, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ jẹ́ n tètè ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Nínú ánímé, ìyẹn fíìmù àwòrán tí wọ́n ń yà ní Japan, àwòrán méjì ló ń pàdé ara wọn. Àwọn èèyàn tó ń rìn, orí ọ̀rá tó mọ́ gaara ni wọ́n máa ń yà wọ́n sí láyé ọjọ́un, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ibi tí wọ́n ti ń rìn, ìyẹn bákígíráǹdì, òun ni mò ń tà, orí pépà ni wọ́n ń ya ìyẹn sí pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, poster colour, wọ́n á wá tẹ́ ọ̀rá lé e lórí, kámẹ́rà á yà á látòkè. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1990 ni ọ̀pọ̀ sítúdíò bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ yìí bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Kazuo Oga ló ṣe olórí àwọn tó ya bákígíráǹdì fíìmù My Neighbor Totoro lọ́dún 1988, koríko ọwọ́ bàbá yẹn, ẹ máa fẹ́ fọwọ́ kàn án ni, kódà lọ́dún 2007 mùsíọ́ọ̀mù ńlá kan ní Tókyò, Museum of Contemporary Art, pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀ fún gbogbo ayé wò. Hiromasa Ogura náà wà, òun ló ṣe ti Ghost in the Shell, 1995, Hong Kong ni wọ́n wò fi ya ìlú yẹn, bóòdù lórí bóòdù, omi lábẹ́ ilé, ẹni tó bá ti gbé Ṣómólú rí ò nílò àlàyé.

Ó yá, iṣẹ́.

Àṣẹ lẹ máa kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ tó wá ṣọ́ọ̀bù

Bọ̀ọ̀dá kan tí mo mọ̀ dáadáa daónlóòdù àwòrán bí ogójì, ó tẹ̀ wọ́n, ó kan fírémù sí wọn, ó ní "Japan jìnnà, ta ló máa ti ọ̀hún wá mú mi n'Íjẹ̀bú Òde?" Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ti Japan wá. Kọ́sítọ́mà ẹ̀ ló mú un. Onílé ìtura kan fẹ́ ra ogún lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́yà wọn ní kó mú ìwé àṣẹ wá káwọn tó sanwó, ó ń wo lọ́yà, lọ́yà ń wò ó, bí ọjà ogún àwòrán ṣe lọ nìyẹn.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé "ṣebí Studio Ghibli, àwọn tó ṣe Totoro, fúnra wọn ló gbé àwòrán síta lófẹ̀ẹ́." Wọ́n gbé e síta lóòótọ́, oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, irinwó àwòrán látinú fíìmù mẹ́jọ, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn máa lò ó bó ṣe wù ú, níwọ̀n tí làákàyè bá gbà á dé. Kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fi gíláàsì bò ó, kẹ́ ẹ lẹ iye owó mọ́ ọn lára, làákàyè ta ló gbà á débẹ̀ yẹn?

Òfin gan-an ò pamọ́. Nàìjíríà àti Japan jọ wà nínú àdéhùn Berne lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, Japan ti wọ̀ ọ́ láti 1899, àwa wọ̀ ọ́ lọ́dún 1993, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé iṣẹ́ wọn ní ààbò níbí bíi tiwa. Òfin tiwa tuntun, Copyright Act 2022, oṣù kẹta 2023 ni wọ́n buwọ́ lù ú, ó sì fún ẹ̀tọ́ ẹni tó ya àwòrán ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ẹ ò lè dúró dè é.

Ẹlòmíì á ní òun ra ojúlówó, pépà tí wọ́n fọwọ́ yà gan-an, òun sì lè tẹ ẹ̀dà ẹ̀ tà. Pépà lẹ rà o. Ẹ̀tọ́ àti tẹ̀ ẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó ni fíìmù, ní Japan ó sì sábà máa ń jẹ́ ilé iṣẹ́ bíi mélòó kan tó dáwó jọ bí ẹni dá àjọ, wọ́n ń pè é ní seisaku iinkai. Ẹni tó yà á lè jẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti sanwó ẹ̀ tipẹ́, tó bá tiẹ̀ fẹ́ràn yín bí ojú, kò lè fún yín láṣẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, mo ti gbà wọ́n ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti gbàṣẹ, ẹ ra mẹ́wàá, ẹ ra márùn-ún, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wá, ẹ wá kan fírémù fún un níbí kẹ́ ẹ tà á. Èrè ibẹ̀ kéré, àmọ́ ẹ máa sùn, ẹ sì máa mọ èyí tí ojú àwọn èèyàn ibí ń fà sí.

Ìkejì, kẹ́ ẹ gbàṣẹ àti máa tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ ní ilé iṣẹ́ tó ni fíìmù, kó kúrú, kí ẹ̀dà Japanese wà lábẹ́ ti gẹ̀ẹ́sì, ẹ sanwó fún ẹni tó gbọ́ èdè náà kó bá yín wò ó. Ẹ sọ àwòrán tẹ́ ẹ fẹ́ ní pàtó, bó ṣe máa tóbi tó, iye tẹ́ ẹ máa tẹ̀, Nàìjíríà nìkan lẹ ti máa tà á, ọdún mélòó, irú pépà wo. Lẹ́tà tó kàn ní "a fẹ́ràn iṣẹ́ yín gan-an" kò ní gba èsì. Wọ́n fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú wa, tẹ́ ẹ bá pè wọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀ wa aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló lù lọ́dọ̀ wọn, tó bá kọjá mẹ́sàn-án, ilé ni wọ́n ń múra lọ. Ìparí oṣù kẹrin wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún, àárín oṣù kẹjọ, àti ọdún tuntun, ìsinmi wọn nìyẹn, ẹ má dààmú ara yín. Tí wọ́n bá gbà, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ san owó kan sílẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó ta ẹyọ kan, wọ́n á máa gba ìdá kan lórí èyí tẹ́ ẹ bá tà, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ fi èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ránṣẹ́ káwọn fojú rí i. Wọ́n dá tèmi padà lẹ́ẹ̀mejì torí òjìji abẹ́ igi kan dúdú jù. Inú bí mi, mo gbé e síta lójú oòrùn mo wò ó, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìkẹta ni tiwa-n-tiwa. Àwọn ọmọ tó jáde níléèwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà wà nílẹ̀ tí wọn ò ríṣẹ́, ẹ fún wọn ní ọ̀dà omi àti pépà, kí wọ́n ya Ìjẹ̀bú bí ẹni ń ya bákígíráǹdì, láì sí èèyàn níbẹ̀: ọ̀nà Òkè-Erí níbi tí Bílíkísù Súngbọ́ wà, ilé Balógun Kúkù lálẹ́, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àti àga ìyá alákàrà ní Sàbó Ṣàgámù kí ìyá náà tó dé. Kí wọ́n má da àwòrán ẹlòmíì kọ o. Kẹ́ ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀, torí lábẹ́ òfin wa, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ sanwó iṣẹ́, ẹni tó yà á ló ṣì ni ẹ̀tọ́ ẹ̀ àyàfi tí ìwé bá sọ nǹkan míì. Ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, ara ògiri kan náà ni mò ń gbé ti Japan àti ti Ìjẹ̀bú kọ́.

Orúkọ

Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má fi orúkọ sítúdíò tàbí fíìmù kankan sínú orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín tàbí sára bóòdù. Ẹ ṣí àkáǹtì báńkì lórúkọ yẹn, àwọn ará Japan ò ní bá àkáǹtì tara ẹni dòwò pọ̀. Ó tán.

Yàrá

Ìjẹ̀bú Òde ni mo wà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Rẹ́mọ lẹ wà ẹ ò pàdánù nǹkan kan. Ṣàgámù súnmọ́ Èkó, ọkọ̀ Ìbàdàn ń kọjá, ti Bìní ń kọjá, Ìlíṣàn sì ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Babcock. Ní tìjẹ̀bú, OOU wà l'Ágọ̀-Ìwòyè, Yunifásítì Tai Solarin wà ní Ìjagun. Àwọn ọmọ yẹn ló mọ ánímé jù wá lọ, àwọn kọ́ ló lówó àwòrán ńlá, àmọ́ àwọn ló máa mú àǹtí wọn tó lówó wá.

Ẹ má wo ẹwà ògiri nìkan. Èyí tí mo kọ́kọ́ rẹ́ǹtì, ògiri ẹ̀ funfun báláú, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo san ọdún méjì. Oṣù keje dé, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí àkàrà, àṣé bálùwẹ̀ alájọgbé ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Mo bá lándíọ́ọ̀dù sọ ọ́, wọ́n ní "Òjò ni, ẹ ní sùúrù, á gbẹ." Àwòrán mẹ́ta ti hu èébu kó tó gbẹ. Nísinsìnyí, kí n tó sanwó yàrá, mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ òjò, máa fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri láti ìsàlẹ̀ dé ibi tọ́wọ́ mi bá tó, máa bi aládùúgbò pé kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dáa ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí omi, nítorí ikán, nítorí eruku títì. Fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ta kátíìnì sí i. Ẹ ra ohun tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, kò wọ́n, tó bá ń wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ fọkàn balẹ̀, tó bá ti ń lé ní 65 lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ tan fáànù, kẹ́ ẹ sì kó silica gel, ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu, sínú àpótí tẹ́ ẹ ń kó àwòrán pamọ́ sí.

Títẹ̀, ibi tówó wà

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Kí àwòrán tó dán lójú, ẹ nílò pixel, ìyẹn àmì tín-tín tó para pọ̀ di àwòrán, 300 nínú íǹṣì kan. A3 á wá jẹ́ 3508 sí 4961, A2 á jẹ́ 4961 sí 7016. Fíìmù HD tẹ́ ẹ bá gé láti ojú tẹlifíṣọ̀n, 1920 sí 1080 péré ni, èyí tó lè tẹ̀ dáadáa ò ju sẹ̀ǹtímítà 16 sí 9 lọ, ká má purọ́, fọ́tò páásìpọ́ọ̀tù àwọn àgbàlagbà nìyẹn. Ìdí míì nìyẹn tí olè jíjà ò fi pé. Ẹ béèrè fáìlì TIFF, irú èyí tí kì í ba àwòrán jẹ́, lọ́wọ́ àwọn tó fún yín láṣẹ.

Pépà tí mò ń lò, òwú ni wọ́n fi ṣe é, Photo Rag ti Hahnemühle, 308 gsm (bí pépà ṣe wúwo tó nìyẹn), kò dán, ó ki, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á ó dà bí ẹ̀yìn aṣọ òkè tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí nìdí tí n ò fi lo èyí tó ń dán? Torí ọ̀dà omi kì í dán. Ojúlówó bákígíráǹdì rí báyìí gẹ́lẹ́, ó fi ẹsẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì hàn, ibẹ̀ ni màmá yẹn ti rí fèrèsé.

Íǹkì ńkọ́? Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa bi atẹ̀wé: "Ṣé dye lẹ̀ ń lò ni àbí pigment?" Dye máa ń tètè ṣí, pigment máa ń pẹ́. Tó bá ní ìkan náà ni wọ́n, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ṣómólú ni ọba iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Nàìjíríà, mi ò bá wọn jà, àmọ́ ìwé ìpè, kálẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú lọ̀pọ̀ wọn mọ̀ níbẹ̀, ẹ máa wá díẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó ní ẹ̀rọ oníǹkì pigment. Èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀, dye ni, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ búra fún mi pé kò ní ṣí. Mo gbé e síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń kàn, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù ti ṣí bí àdìrẹ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Mo ti ta mẹ́rin nínú ẹ̀. Mo dá owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, mo sì tún gbé tuntun lọ fún wọn nílé.

Kẹ́ ẹ tó tẹ odindi, ẹ tẹ ìkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ mú ibi tó dúdú jù àti ibi tó ní ewéko jù. Dúdú ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò dáadáa: inú òkùnkùn abẹ́ igi yẹn, ṣé ẹ ṣì rí ewé níbẹ̀ àbí ó ti di èédú? Ẹ wò ó lójú ọ̀sán, ẹ tún wò ó lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù yín. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà tín-tín tó gba ojú ọ̀run kọjá, ẹnu ẹ̀rọ ló di, ẹ má gbà á.

Ẹ kọ nọ́ńbà sí i ní pẹ́ńsù nísàlẹ̀, 7/50, ìyẹn ìkeje nínú àádọ́ta, tó bá sì pé àádọ́ta ẹ ò gbọ́dọ̀ tẹ ìkọkànléláàádọ́ta láéláé, kódà tí gómìnà bá ní òun fẹ́ ẹ.

Láti Èkó dé Ìjẹ̀bú, inú páìpù PVC tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ni mo máa ń ká a sí, èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rin, mo máa fi pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú, mo máa dí ẹnu ẹ̀ méjèèjì. Dírẹ́bà kan bi mí rí pé ṣé ìbọn ni.

Fírémù

Káfíńtà yín lè ṣe é, ẹ kàn dúró tì í. Gíláàsì ò gbọ́dọ̀ kan àwòrán, tọ́rinrin bá wọlé á lẹ̀ mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ á fà ya. Ẹ fi páálí tí wọ́n gbẹ́ àárín ẹ̀ sáàárín wọn, irú èyí tí kò ní ásíìdì, torí páálí bisikíìtì á sọ etí àwòrán di pupa rúsúrúsú kó tó pẹ́. Sẹ́lótéèpù, ẹ̀ẹ̀wọ̀. Ẹ̀yìn fírémù, ẹ lẹ fóòmù kékeré mẹ́rin sí igun ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín òun àti ògiri. Igi tẹ́ ẹ bá lò, kí wọ́n ti fi oògùn ikán pa á.

Àárín àwòrán ni kó wà ní nǹkan bíi 150 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, àwa n'Íjẹ̀bú a fẹ́ràn àti máa gbé fọ́tò kọ́ òkè bíi ti olóògbé bàbá àgbà, kò ṣiṣẹ́ fún eléyìí, ẹ̀ ń fẹ́ kéèyàn lè wọlé síbẹ̀. Gílóòbù LED, 3000K sí 4000K (K ló ń sọ àwọ̀ iná), kẹ́ ẹ sì wò ó lára páálí ẹ̀ kí CRI ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an, tó 90, kó wá láti ẹ̀gbẹ́ òkè kó má bàa tàn sójú gíláàsì. NEPA á mú iná lọ lójú kọ́sítọ́mà, ìyẹn dájú, ẹ fi sólà kékeré sí àwọn gílóòbù yẹn nìkan, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo.

Iye tẹ́ ẹ máa tà á

Ká ní títẹ̀ A2 jẹ́ ₦20,000, fírémù ₦15,000, páìpù àti ọkọ̀ ₦3,000, èyí tó kàn án nínú rẹ́ǹtì àti iná ₦7,000. Ó di ₦45,000. Tí àwọn ará Japan bá ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tẹ́ ẹ tà á, tẹ́ ẹ wá tà á ní ₦50,000, ₦5,000 lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ ti bá gbogbo ayé ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá tà á ní ₦80,000, tiwọn jẹ́ ₦8,000, ₦27,000 kù sọ́wọ́ yín. Ẹnìkan á bi yín pé àpò gàrí mélòó nìyẹn. Ẹ má bínú, Ìjẹ̀bú ni, tó bá ti ń ṣírò báyẹn ó ti fẹ́ rà á.

Àwìn ò sí. Àjọ wà. Mo tẹ káàdì bíi ti alájọ, ẹ san díẹ̀díẹ̀ fóṣù mẹ́ta, orúkọ yín máa wà lẹ́yìn àwòrán, àwòrán máa wà lọ́dọ̀ mi títí owó fi pé. Ìyẹn ló mú kí àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì máa rà. Àwọn ọmọ iléèwé, ẹ ṣe A4 fún wọn láì ní fírémù, tí àṣẹ yín bá gba A4.

Ọjà ńlá wà lọ́jọ́ kẹta Iléyá, Ojúde Ọba, ìlú á kún, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á máa wá ẹ̀bùn fún ara wọn, ẹ gbé ti Ìjẹ̀bú síwájú lọ́jọ́ náà. Oṣù Kejìlá náà dáa. Láàárín méjèèjì, ẹ lọ bá àwọn tó ń kọ́ ilé ìwòsàn eyín, hòtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì lọ́yà, ẹ gbé àwòrán kan lọ fún wọn, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó padà lọ gbé e. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé láti gbé e ni wọ́n á tó rí i pé ògiri yẹn ṣófo.

Kẹ́ ẹ sì ní ìwé kan, kì í ṣe fóònù, ìwé gidi, tẹ́ ẹ ń kọ nọ́ńbà àwòrán sí, ọjọ́ tẹ́ ẹ tà á, iye tẹ́ ẹ tà á. Àwọn tó fún yín láṣẹ máa béèrè ìṣirò, tèmi oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni. Tẹ́ ẹ bá tà, ẹ kọ ọ́. Tẹ́ ò bá ta ìkankan, ẹ kọ òdo, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó pé.